Bí Mo Ṣe Yan Ẹ́ńjìnnì Tó Gbé Ìbídùn Kúrò ní Ìlú Àárẹ̀

Ẹ rọra jókòó, ẹ̀yin àlejò mi. Ẹni tó bá rí òkúta, kó jókòó lé òkúta. Ẹni tó bá rí gbòǹgbò igi, kó fìdí tì í. Ẹ má retí pé kí n dìde kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí lánàá, ó rẹ̀ mí lónìí, bí Ọlọ́run bá sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá mi, yóò tún rẹ̀ mí. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ọkọ̀ mi pupa tó wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ yẹn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ ní irú ẹ́ńjìnnì kékeré wo ni bàbá ọdẹ gbé sínú ọkọ̀ eré ìje, pé ó dà bí ẹni gbé ọkàn àdìẹ sí àyà ẹkùn. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi Ọdẹ́gbèmí tí ẹ ń wò yìí, tí ẹfọ̀n ń yà fún lójú ọ̀nà, tí ìkookò ń kí kó tó kọjá, èmi náà ti fi ẹ́ńjìnnì yẹn rẹ́rìn-ín rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu.

Ìbídùn ni ìyàwó mi. Ìyá mi ṣàìsàn, àìsàn náà sì pẹ́ débi pé àwọn ará ilé gbàgbé pé ó ń ṣe é. Ìbídùn ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń jí bí ó bá húkọ́. Èmi wà nínú igbó, mò ń pa ẹran. Nígbà tí ìyá mi kú, tí a sin ín tán, tí èrò túká, Ìbídùn gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá Ọdúnayọ̀, ó rẹ̀ mí."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́. Lọ sùn."

Ó ní, "Kì í ṣe ti oorun." Ó sì jáde, kò mú nǹkan kan dání, kò tilẹ̀ wọ bàtà.

Ẹ kò mọ Ìlú Àárẹ̀, ẹ má sì gbàdúrà kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ènìyàn kì í wá ìlú yẹn lọ. Ìlú náà ló ń wá pàdé ẹni tó bá ti rẹ̀ kọjá ààlà. Ìbídùn jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí òun sinmi díẹ̀, àfi bí òkúta náà ṣe di ti Ìlú Àárẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ kì í dìde mọ́. Koríko ni yóò máa hù yí i ká láti ẹsẹ̀, yóò gùn dé orúnkún, yóò dé ìbàdí, ọjọ́ tó bá sì bo orí rẹ̀, ó tán nìyẹn, ó ti di òkìtì ilẹ̀. Lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù káàkiri ló wá sọ fún mi. Ó bà sórí òrùlé mi, ó ní, "Ọdẹ́gbèmí, mo rí aya rẹ. Koríko ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo ki ìbọn mọ́lẹ̀ pé kí n gbéra. Lékeléke ní, "Ìwọ ọdẹ yìí, ọ̀rọ̀ kì í yé ọ! Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀, ìlú náà yóò sì gba òun náà mọ́ra. Nǹkan tó ń gbé ènìyàn ni kí o gbé lọ, kó má sì dákẹ́ títí tí ẹ ó fi jáde."

Ìgbà náà ni mo rántí ọkọ̀ mi. Ọba àwọn iwin Ìlú Eléré ló fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo pa ẹranko tó ń gbé ojú ọ̀nà wọn mì. Ìtàn ìyẹn nìkan yóò gbà wá dé àárọ̀ ọ̀la, n kò ní í sọ ọ́. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ débi pé alángbá ń fò ó kọjá. Ilẹ̀kùn méjì, àga méjì, kò sí ìjókòó kankan lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń tì í. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, irin gígùn kan gba abẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń ti ilẹ̀, ti iwájú kò níṣẹ́ ju kí wọ́n máa wá ọ̀nà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ti kú. Ta ló pa á? Epo pupa ni. Nílé bàbá mi, kò sí irin tí kì í mu epo pupa lọ́jọ́ ọdún Ògún. Àdá a mu, ìbọn a mu, ọkọ́ a mu. Mo ní ọkọ̀ náà, ṣebí irin ni? Mo ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, mo da odidi kèǹgbè epo pupa sí i, mo sì wúre fún un. Ó mu ún. Ó sáré dé etí odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí dún gbàgàdà gbàgàdà, ó nọ́ọ̀kì, ó dákẹ́.

Mo lọ bá Lámídì, mẹkáníìkì tó wà ní oríta wa. Ó fi ìka kan ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ ni àbí ẹ fẹ́ dín àkàrà?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín, Lámídì. Ìyá Ọdúnayọ̀ wà ní Ìlú Àárẹ̀."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Ọdúnayọ̀ tó máa ń bu omi fún mi mu bí mo bá ń kọjá?"

"Òun ni."

Ó nu ọwọ́, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Eléyìí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Òmíràn la ó wá, Igbó Irin la sì ti máa rí i. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Bí a ṣe dé Igbó Irin, kí ẹ má bi mí. A ṣáà débẹ̀. Igi ibẹ̀, páìpù ni. Ewé wọn ti dípẹtà. Òróró dúdú ni òjò ibẹ̀ ń rọ̀. Ẹnu bodè ni a ti pàdé Olójú-Iná-Kan, iwin tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ iná iwájú ọkọ̀. Ó tan ojú náà sí wa, Lámídì sá sẹ́yìn mi. Iwin náà ní, "Kò sí ẹni tó ń wọ ibí láìdáhùn. Ta ló ń fi ẹ̀yìn sáré, tó ń fi iwájú wá ọ̀nà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n ń bi léèrè? Èmi tí mo ti jẹ ehoro títí eyín fi gé! "Ehoro ni," mo wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ti iwájú kúrú. Bí ó bá ń gun òkè, kí ajá yáa padà sílé. Ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọdẹ ń mú un, nítorí orí rẹ̀ a máa fà á ṣubú."

Iwin náà wò mí títí. "O mọ̀ ọ́n lẹ́nu," ó wí. "Wọlé. Irin tí o bá lè kì ni kí o gbé."

Ìyẹn kò ṣòro fún mi. Bí àwa ọdẹ ṣe ń ṣe nìyẹn, a kì í gbé ẹran nílẹ̀ láìjẹ́ pé a fi oríkì kì í. Ẹni tó bá gbé ẹran láìkì í, ẹran náà yóò máa wò ó lójú àlá.

A wọlé. Àwọn ẹ́ńjìnnì jókòó káàkiri bí àgbà ìlú. Èyí àkọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ gbé mi, èmi ni mo mọ bí a ṣe ń fa ọkọ̀ láti iwájú." Lámídì mi orí. "Ìbú lèyí ń sùn, Ẹ̀gbọ́n. Òòró ni ọkọ̀ yín fẹ́. Irin tó lọ sẹ́yìn kò ní í bá a pàdé láéláé." Àgbà náà bínú, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Èkejì ń mí bí ẹni tó sáré. Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó dákẹ́. Mo ti yí ẹ̀yìn padà kó tó pariwo "Ẹ kúuuu!", atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sì ká fìlà mi lọ sórí igi. Lámídì ní, "Afẹ́fẹ́ ló ń tì í. Bí ẹ bá pè é, kò ní í dáhùn. Ìgbà tí ẹ bá wà láàárín kọ́nà, tí ẹ kò pè é mọ́, ìgbà náà ni yóò dé." Mo ní kó máa gbé ibẹ̀.

Nǹkan kan ń kùn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ewé, bí obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo fẹsẹ̀ tú ewé náà, ẹ́ńjìnnì kékeré kan ni, funfun bí ìkòkò irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ọkàn rẹ̀, èyí tí Lámídì ń pè ní sílíńdà, kò ju mẹ́rin lọ. Ó ní, "Mo lè bá yín lọ. N kò wúwo." Ẹ̀rín pa mí. "Ìwọ wo? Ìwọ yìí náà?" Mo fi ewé bò ó padà.

Ìgbà náà ni ilẹ̀ mì. Ọkàn-Mẹ́jọ, ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù níbẹ̀, ló hó. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti gbọ́ igbe erin, mo ti gbọ́ igbe kìnnìún, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkàn mẹ́jọ yẹn lù papọ̀, ewé dípẹtà já bọ́ lórí igi. Lámídì ń pàtẹ́wọ́. Èmi, ọdẹ, kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Láàárín àwa ọdẹ, ta ló ń ròyìn ẹni tó pa ọ̀kẹ́rẹ́? Ẹni tó pa erin là ń gbé gẹ̀gẹ̀. Oríkì ń tú jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀: akọni a-bú-ramúramù, òkè ńlá tí ń ta èéfín, a-sọ-òkúta-di-lẹ́búlẹ́bú. Ó gbà. A gbé e.

Ẹ wá wo ìyà. Ó ju ihò bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, Lámídì gé irin títí. Gíà ọkọ̀ náà kò bá a mu, a tún wá gíà tó wúwo bíi tirẹ̀. Nígbà tó jókòó tán, imú ọkọ̀ wólẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń mumi. Lámídì fajú ro díẹ̀, mo ní kó jókòó sí àga kejì ká lọ dán an wò lójú ọ̀nà Ejò-ń-Ká, nítorí ọ̀nà yẹn nìkan ló lọ sí Ìlú Àárẹ̀.

Lójú ọ̀nà gbọọrọ, a fò! Ṣùgbọ́n bí a ti dé kọ́nà, mo yí ọwọ́, imú kò yà. Mo tún yí i, ọkọ̀ ń lọ tààrà síbi tó wù ú. Mo tẹ iná, ìdí ọkọ̀ fúyẹ́ bí ìrù àdìẹ, táyà ẹ̀yìn ń fẹsẹ̀ họlẹ̀, kò rí nǹkan tì, ìdí náà ní òun fẹ́ ṣáájú orí. A yí po, a re àfonífojì. Gbòǹgbò ìrókò ló gbà wá dúró.

"Yéè! Apá mi o! Ẹ̀gbọ́n, apá mi ti kán!"

Mo fà á jáde, mo fi igi di apá náà fún un. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò mí. "Ta ló ní ká gbé e?"

"Ìwọ náà pàtẹ́wọ́."

"Mo pàtẹ́wọ́," ó wí. "Ariwo yẹn dùn jù, Ẹ̀gbọ́n."

Ibẹ̀ ni lékeléke bá wa. Kò ṣe àlàyé gígùn. Ó ní, "Koríko ti dé ìbàdí rẹ̀." Ó fò lọ.

Mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Ọdẹ́gbèmí, mo sunkún nínú àfonífojì. Nígbà tí mo sun ún tán, mo so okùn mọ́ ẹ̀ka ìrókò, mo fa ọkọ̀ náà gòkè, mo tú Ọkàn-Mẹ́jọ jáde, mo sì gbé e padà síbi tí mo ti gbé e, nítorí irin tí a kì kì í ṣe ohun à ń jù sínú kòtò. Gbogbo egungun ara mi ń sọ̀rọ̀. Olójú-Iná-Kan tún tan ojú sí mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan náà.

"Ehoro ni," mo wí. N kò fi nǹkan kan kún un.

Ó rọ iná ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Wọlé, Ọdẹ́gbèmí. Ó ti wọ inú rẹ báyìí."

Mo tọ ẹ́ńjìnnì kékeré náà lọ, mo fi ọwọ́ ṣí ewé lórí rẹ̀. Ó ṣì ń kùn. Mo ya ẹnu pé kí n kì í, oríkì ńláńlá nìkan ló wà lẹ́nu mi. Ta ló kọ́ ọdẹ ní oríkì ohun kékeré? Mo dúró bí òpònú. Lámídì, tó ti tẹ̀lé mi padà wá, fi apá kan ṣoṣo gún mi níhàá, ó ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí."

Mo bá ń sọ ohun tí mo rí. Mo ní, ìwọ tí kì í pariwo. Ìwọ tí kò wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ìwọ tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ewé tí a kò kí ọ kú iṣẹ́. A pè ọ́, o jẹ́. A kò pè ọ́, o ṣe é sílẹ̀. A gbàgbé pé o ń mí, àfi lọ́jọ́ tí o bá dákẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, omi ti ń bọ́ lójú mi, nítorí mo ti mọ ẹni tí mo ń kì. Ẹ́ńjìnnì náà ní, "Ó tó. Gbé mi." Mo dá a gbé.

Apá Lámídì kò ṣeé lò, ẹnu rẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́; èmi ni mo yí gbogbo nọ́ọ̀tì. "Ẹ tì í sẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n, kó kúrò lórí táyà iwájú, kó súnmọ́ ìdí yín. Imú ni kó fúyẹ́. Ẹ yí i. Ẹ má yí i jù! Ṣé ọrùn àparò ni?" Ó bọ́ sínú ihò náà láìgé irin kankan. Gíà àtijọ́ bá a mu, irin gígùn bá a pàdé. Mo tan án, ó kùn jẹ́jẹ́. Lámídì fẹ́ wọlé, ó wo àga kejì, ó padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. "Àga Ìyá Ọdúnayọ̀ nìyẹn," ó wí. "Ẹ bá mi kí wọn."

Mo dé kọ́nà tó gbé wa ṣubú, mo yí ọwọ́, imú yà, ẹ̀yìn tì. Ó tán. Gbogbo kọ́nà Ejò-ń-Ká, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọjá wọn, kò pariwo fún ẹnikẹ́ni.

Ìlú Àárẹ̀ kò ní ògiri. Àwọn ènìyàn ṣáà jókòó nínú koríko, wọ́n ń yán. Bí mo ti wọlé, ìpéǹpéjú mi wúwo, ọwọ́ mi rọ. Bí kò bá sí kíkùn kékeré yẹn ní abẹ́ ẹsẹ̀ mi, ibẹ̀ ni n bá wà títí dòní. Mo rí Ìbídùn. Koríko ti dé ọrùn rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn, n kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní, "Ìbídùn. Ìbídùn Àmọ̀kẹ́."

Kò la ojú. Ó ní, "Ta ni? Kí ni ẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

Ẹ̀yin èèyàn, ìbọn kò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo fẹ́ sọ pé ilé ti dàrú, pé ọmọ ń bèèrè rẹ, pé ta ni yóò sè, ta ni yóò gbálẹ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ kí o ṣe. Àga kan ló ṣófo níbí. Wá jókòó."

Ó la ojú. Ó wo àga náà pẹ́. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí já lára rẹ̀ fàya fàya, ó sì wọlé, ó gbé orí lé fèrèsé.

Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí ìyá arúgbó kan ṣe dìde láàárín ọ̀nà, òun ni oníbodè wọn. Ó ní, "Ọdẹ, ẹrù aya rẹ ńkọ́? Àárẹ̀ tó gbé wá dà? Ìlú wa kì í tọ́jú ẹrù ẹlẹ́rù." Ó na ìka, mo sì rí i lórí òkúta tí Ìbídùn fi sílẹ̀: àárẹ̀ náà ká jọ síbẹ̀, ó wúwo, ó tutù bí aṣọ tí a kò tíì fún. Mo ní kí n jù ú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá náà ní, "Àárẹ̀ kì í gbé búùtù. Orí àga ló ń jókòó."

Àga méjì péré ló wà níbẹ̀. Ìbídùn jókòó sí ọ̀kan, ó ti ń sùn, oorun gidi, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bí ti ọmọdé. Kí ni n bá ṣe? Mo gbé àárẹ̀ náà lé itan ara mi. Ó wọ inú mi ṣìn-ìn. Ọkọ̀ sì gòkè pẹ̀lú wa, ẹrù mẹ́ta nínú ọkọ̀ ẹni méjì, imú rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ti ilẹ̀ bí ehoro, títí ó fi gbé wa dé abẹ́ igi yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rẹ̀ mí. N kò gbé ìbọn mọ́. N kò ráhùn o, mo kàn ń sọ fún yín ni.

Ẹ gbọ́, ohùn rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń bọ̀ yìí.

"Bàbá Ọdúnayọ̀, ẹ tún ti kó ọmọ ọlọ́mọ jọ? Oúnjẹ ti ń tutù."

"Ó rẹ̀ mí, Ìbídùn."

"Mo mọ̀. Tèmi ni." Lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ẹ gbé e fún mi díẹ̀, kí ẹ na ara."

"N kò gbé e fún ọ."

"Olóríkunkun. Ó yá, ẹ dìde."

Ẹ wò ó, kò fà mí lọ́wọ́. Ó yí sẹ́yìn mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé mi láàárín ẹ̀yìn, ó ń tì mí. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gbé mi wọlé. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n máa wá ọ̀nà níwájú lọ. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àlejò mi. Ẹ bá mi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn dé kí ẹ tó lọ, kí òjò má pa á.